Ọpẹ́ Tí Kò Tọ́ Sí I

Apòògùn kò tí ì di apòògùn o. Ọdún kẹta rẹ̀ ló wà ní yunifásítì lókè òkun. Àmọ́ láti kékeré tó ti ń po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ omi nínú ìgò, tó ń pè é ní oògùn ikọ́, ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí.

Nígbà tí yunifásítì gbà á, bàbá rẹ̀ ti kú. Òun àti ìyá rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Onísìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin náà jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi igi tayín.

"Òkè òkun kẹ̀? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kó jókòó ti ìyá rẹ̀, kó kọ́ṣẹ́ abẹ́rẹ́."

Apòògùn dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. Ó bá ilé ìtajà oògùn kan ṣiṣẹ́ títí ó fi rí owó ọkọ̀ àti owó ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó gbaṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Láàárọ̀, á wẹ àwọn tí ò lè dìde, á pààrọ̀ ìlédìí wọn, á fi ṣíbí bọ́ wọn, á wá sáré lọ sí kíláàsì pẹ̀lú ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó. Lópin ọ̀sẹ̀, àwo ló ń fọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Inú ọkọ̀ ló ti ń kàwé. Kò sọ ọ̀kankan fún ìyá rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dà á láàmú. Ohun tó máa ń sọ kò ju, "Ẹ má mikàn, màámi, owó ti wà."

Lọ́jọ́ Sunday kan, tí wọ́n ń wo ojú ara wọn lórí fóònù, ó rí i pé ojú ìyá rẹ̀ pọ́n, aṣọ sì wà lọ́tùn-ún lósì bí òkìtì.

"Màámi, kí lẹ̀ ń rán tó pọ̀ tó báyìí?"

"Kọ́tìnì ilé tuntun bàbá rẹ onísìmẹ́ǹtì ni. Gbogbo yàrá pátá."

"Ṣé wọ́n ti sanwó?"

Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀. "Owó kẹ̀? Kí n gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń rán ẹ níwèé? Ojú mi á gbà á?"

"Ta ló ń rán mi níwèé?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú síta. Ìgbà tí ìyá gbọ́ pé owó ti wà, ó rò ó síwá sẹ́yìn, kò rí ẹlòmíràn tó lè ṣe é nínú ẹbí. Ló bá lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bàbá Onísìmẹ́ǹtì wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Má dúpẹ́, ìyàwó wa. Ọmọ wa ni. Má ṣáà pariwo ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń ránṣọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́: tirẹ̀, ti àwọn ìyàwó rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń sanwó ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, nítorí aṣọ wọn kì í jáde lọ́jọ́ àdéhùn.

Apòògùn fẹ́ sunkún, ẹkún ò wá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ìyá bi í pé, "O ń wẹ àwọn arúgbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Ojú ẹsẹ̀ ni Apòògùn pe Bàbá Onísìmẹ́ǹtì. "Ẹ kúulé o, bàbá. Èló lẹ ti san lórí ìwé mi?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn?"

"Èló ni, sà?"

"Àdúrà tí mo ń gbà fún ẹ ńkọ́? Àdúrà ò ju owó lọ?"

"Bó bá jù ú lọ, bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi ra sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín."

Ó pa fóònù mọ́ ọn létí.

Kò pẹ́ tí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin pè. "Lọ tọrọ àforíjì. Bàbá kì í ṣẹgbẹ́ ẹ."

"Àǹtí, irọ́ ni wọ́n pa o!"

"A mọ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti mọ̀. Ṣé gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ ni?"

Èyí ló dun Apòògùn jù. Wọ́n mọ̀! Wọ́n ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ títí ẹ̀yìn ń ro ó, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, àwọn náà sì ń gbé aṣọ tiwọn wá fún un kó bá wọn dín in.

"Àǹtí, mi ò tọrọ nǹkan kan," ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ká kọ́tìnì, èyí tó rán àtèyí tí ò tí ì rán, ó rù ú lọ sí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì, ó gbé e kalẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Kò kúnlẹ̀. "Ẹ gba aṣọ yín. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kí n ránṣọ fóun, owó ni." Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí bàtà rẹ̀.

Kò san gbèsè ìránṣọ náà títí dòní, kò sì bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan nínú ẹbí ò kí ìyá mọ́. Àwọn oníbàárà ìyá ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ìyá á bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló wẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ẹni náà tilẹ̀ dúpẹ́. Apòògùn á sọ fún un.