Àpótí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bèèrè

Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àlàfo tó wà lórí pákó kẹta, kò kan nǹkan kan. Ó tún nà án wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Eruku nìkan ló bá a jáde.

"Prọ́fẹ̀, kí lẹ ń wá gan-an?" Obìnrin tó ń tọ́jú ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni nígbà kan. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Baba Ìlú, nítorí kò sí ìlú tẹ́ ẹ máa dárúkọ tí kò ní sọ ọdún tí wọ́n la títì rẹ̀ fún yín, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀.

"Àpótí àwọn gọ́tà," ó ní. "Lẹ́tà àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà láyé ijọ́un."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Gọ́tà lẹ wá ń kà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì? Wọ́n ti kó o lọ léṣìí, sà. Àṣẹ dé pé àpótí tí ẹnikẹ́ni ò bá bèèrè fún ọgbọ̀n ọdún, ká kó o fún àwọn tó ń lọ bébà. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀."

"Wọ́n lọ̀ ọ́?"

"Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, sà. Á ti di páálí ẹyin báyìí."

Ta ni ì bá bèèrè rẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìwé kékeré kan pamọ́ sínú àpótí yẹn, ó sì mọ ohun tó ń ṣe: òpìtàn wo ló máa fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ gọ́tà? Ẹ wo ọgbọ́n! Ó fi pamọ́ títí ó fi pamọ́ fún ara rẹ̀.

Ìwé ńlá tó kọ lórí bí ìlú náà ṣe dàgbà ló sọ ọ́ di èèyàn. Ní ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá, ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ òfìfo ni òdìkejì odò, pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ afárá. Akọ̀wé kan ló ka gbogbo ilé ìlú láyé ọjọ́un, òdo ló sì kọ sí òdìkejì odò. Ìyá Ìbejì, tó ń bá a tẹ̀wé nígbà náà, tó sì jẹ́ ọmọ àdúgbò ọ̀hún, dáwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí o. Kò sí afárá kankan nígbà yẹn."

"Ìyá Ìbejì, ìtàn kì í ṣe àlọ́. Ẹ tẹ ohun tí mo kọ."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún kejì, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé kékeré tí akọ̀wé ọjọ́un ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìlà mẹ́ta péré: odò kún, òun ò lè sọdá, òun ń wo èéfín iná wọn lókèèrè, ó sì pọ̀. Háà! Òjò ọjọ́ kan ló sọ odindi àdúgbò di òfìfo. Ó ní òun á sọ ọ́ tí oyè bá mọ́rí tán. Oyè mọ́rí tán, ẹnu wá wúwo.

Lónìí ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Ìjọba fẹ́ wó òdìkejì odò. Katapílà mẹ́ta ti wà lẹ́nu afárá láti ìjẹta, ìgbìmọ̀ kan yóò sì jókòó láago mọ́kànlá láti mọ̀ bóyá onílẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ àbí àtìpó. Ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá ni ìjọba gbára lé. Láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni agbẹjọ́rò wọn ti wá bá a nílé pé kó wá jẹ́rìí sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà ń sọ lọ́kàn pé tọ́jọ́ bá pé, òun á gbé ìwé kékeré náà jáde, gbogbo rẹ̀ á sì parí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Àìmọye ìgbà ló ti pa á lówe fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò rò ó rí pé òtítọ́ lè bá a tán kó má rí ibi dúró lé.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ afárá kọjá bó ṣe ń lọ síbi ìgbìmọ̀ náà. Awakọ̀ katapílà kan ń dán ẹ́ńjìnnì wò. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidi.

Inú yàrá ìgbìmọ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn ará àdúgbò jókòó, àwọn míì wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi òkú. Agbẹjọ́rò ìjọba, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, gbé ìwé náà sókè.

"Bàbá wa, a ò ní dá yín dúró pẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ lè máa lọ sinmi."

"Kì í ṣe òótọ́," ó ní.

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀: odò tó kún, akọ̀wé, èéfín. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ dópin.

"Ìwé kékeré náà dà, sà?"

"Wọ́n ti lọ̀ ọ́."

"Ta ló tún rí i, yàtọ̀ sí yín?"

"Kò sí."

Agbẹjọ́rò náà yíjú sí alága, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá ti dàgbà. Àánú ará àdúgbò yìí ló ń ṣe wọ́n."

Alága ìgbìmọ̀ bọ́ awò ojú. Ó wo àárín èrò. "Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo yí ìwé padà. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá wà tó ti ń gbébẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ afárá, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan, màá gbọ́ ọ. Ó wà?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó dìde.

"Láago méje òwúrọ̀ ọ̀la," ni alága wí, "kí iṣẹ́ wíwó bẹ̀rẹ̀."

Níta, kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n bú u. Ìyá Ìbejì, tí irun rẹ̀ ti funfun báyìí, wá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọ̀gá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ó dára." Ó ń wo ilẹ̀. "Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ojú ewé yẹn ni wọ́n máa gbé kò wá lójú?"

Ó lè parọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Oṣù márùn-ún sẹ́yìn."

"Ìyá mi ló kẹ́yìn nínú àwọn tó gbébẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ afárá," obìnrin náà wí. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, orí wọn pé pérépéré. Bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá odò lọ sílé ìwé ni wọ́n ń sọ ṣáá, títí a fi máa ń ní kí wọ́n jẹ́ ká sùn. Oṣù mẹ́ta rèé tá a sin wọ́n." Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ n lọ di ẹrù."

Ó ń wò ó lọ. Ó ń fi ìka ka oṣù náà, bó ṣe máa ń ka ọdún fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó tún un kà, kò yàtọ̀. Oṣù méjì gbáko lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò wá bá a ni ìyá àgbà náà ṣì fi wà láyé, tí òun sì jókòó sílé.