Bíréèkì Píkọ́ọ̀pù Àna

Ìdọ̀bálẹ̀ ló kó bá Olúsànyà, ká má purọ́. Àbí ta ni bàbá ìyàwó ẹ̀ máa yọ sí tó máa wà nílẹ̀ tí á máa yí sípánà lọ, bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé?

Bíréèkì iwájú píkọ́ọ̀pù bàbá náà ló ń pààrọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ìkòtún. Ó ti fi ìka yí gbogbo bóòtù tó di bíréèkì mú wọlé, lọ́tùn-ún lósì, torí bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ìka lákọ̀ọ́kọ́, kí sípánà àti páìpù gígùn tó wá fún un le. Ó fún ti ẹsẹ̀ mọ́tò kan le, ó bọ́ sí èkejì. Ibẹ̀ ni Bàbá Ọláfimíhàn ti dé, àwọn àti Abigail ọmọ wọn, ìyàwó Olúsànyà.

Ó ju sípánà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá béèrè ìyá ẹ̀, wọ́n béèrè Tólú ọmọ ẹ̀, wọ́n béèrè àbúrò ẹ̀ tó wà ní Ìpájà, wọ́n tún wá ṣàdúrà lé e. Nígbà tó fi máa dìde, wọ́n ti ń kánjú. Wọ́n fẹ́ kó sìmẹ́ńtì lọ síbi ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ìjẹ̀gùn, Abigail sì ń bá wọn lọ. Ó yára de táyà, wọ́n gbéra.

Ìgbà tó ń ṣa irinṣẹ́ ẹ̀ ni àyà ẹ̀ já. Ṣé mo fún ẹsẹ̀ kejì le ṣá? Ó lọ dúró síbi tí mọ́tò wà tẹ́lẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó tún kọjú sí títì, ni ọ̀tún bá di òsì mọ́ ọn lójú. Orí ẹ̀ dàrú. Tòsì dá a lójú, ó lè fi búra. Tọ̀tún ni kò mọ̀.

Ojú wá ń tì í. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ irú ẹ̀ fún àna? Àmọ́ Abigail wà níwájú mọ́tò yẹn, wọ́n á sì ti kó sìmẹ́ńtì kún ẹ̀yìn ẹ̀. Yéè! Ó kó sípánà àti páìpù, ó fò sórí ọ̀kadà.

Ó bá wọn níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ti fẹ́ dà gẹ̀rẹ́ lọ sínú omi, ó sì dá wọn dúró.

"Dádì Tólú, kí ló dé?" Abigail ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná. Bàbá mi, ẹ má bínú. Bóòtù òsì dá mi lójú, tọ̀tún ni mi ò mọ̀ bóyá mo fún un le."

Bàbá wò ó títí. "O ò mọ̀ kẹ̀? Ta ló wá mọ̀?"

Ó tú táyà ọ̀tún, ó fi sípánà fa bóòtù. Kò mì rárá. Bàbá pòṣé, Abigail bú sẹ́rìn-ín: "Àyà yín kàn ń já lásán ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre."

Ó yẹ kínú ẹ̀ dùn, àmọ́ ṣe lẹ̀rù tún bà á sí i. Tó bá jẹ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣe ńkọ́?

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n wo tòsì náà."

"Èyí tó dá ẹ lójú?"

Ó tú táyà òsì. Kò tiẹ̀ lo sípánà. Ìka ló fi kan bóòtù, ó sì ń yí tẹ̀lé ìka ẹ̀ bí ìdérí ìgò. Èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ tán.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Abigail. Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó wo omi tó wà nísàlẹ̀. Bàbá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Olúsànyà fún bóòtù méjèèjì le, gbogbo ara ló fi fà á.

"Ṣé ó ti le báyìí?" Abigail béèrè.

Ó na páìpù sí ìyàwó ẹ̀.

"Bá mi fà á wò."