Ọmọ Kẹwàá

“Níbo ni ìyá rẹ wà?”

“Wọ́n ti kú, mà.”

“Má wo ọ̀hún. Èmi ni kí o máa wò. Ìgbà wo ni wọ́n kú?”

Taslimah tún yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì ti há gbogbo ìdáhùn náà sórí láti àná. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n ní kó sọ pé ó ti kú yìí ló jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó ń fi etí aṣọ nu òógùn ọrùn. Mùtíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Òkè Àrin dé ni, níbi tó ti ń fi orí ru páálí mílíìkì àti bisikíìtì fún àwọn oníbàárà. Òṣùká ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dá Lọ́yà lóhùn,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀. “Àbí o ò gbọ́ ni?”

“Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n kú, mà. Àìsàn ló ṣe wọ́n.”

“O káre,” ni Lọ́yà Àbídèmí wí, ó sì fi bíírò fa ìlà sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́yà ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọwọ́ Ìrànwọ́. Àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti ran ọmọ aláìní lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lọ́dún yìí, wọ́n kéde pé àwọn máa rán ọmọ mẹ́wàá tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, lọ sí ilé ìwé kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà. Wọ́n ti tẹ bánà, wọ́n ti ra báàgì mẹ́wàá, wọ́n ti pe àwọn oníròyìn. Wọ́n wá ọmọ káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí. Èèyàn á rò pé wọ́n á kúkú sọ mẹ́wàá ara bánà di mẹ́sàn-án. Ó ti o. Lójú Lọ́yà, ó rọrùn kí alábàárù kan kú ju kí wọ́n tún bánà tẹ̀ lọ.

Jíbrílù, bàbá Taslimah, ti kú ní tòótọ́. Bíríkìlà ni, orí ilé tí wọ́n ń kọ́ ló ti já bọ́. Ìdajì iṣẹ́ ti parí kí Lọ́yà tó dé nìyẹn.

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti jáde nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé. Òun ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí fún ìyá rẹ̀ lọ́jà, títí kan ọjọ́ tí ohun inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù a máa sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa tẹ̀ lé ẹrù kiri, ọ̀rọ̀ náà a sì máa gún Mùtíátù lọ́kàn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bó bá jẹ́ pé ikú òun ló máa sọ ọmọ òun di èèyàn, kí ikú ọ̀hún wá. Ikú orí ìwé lásán kúkú ni.

“Ẹ tẹ̀ka síbí, mà,” Lọ́yà sọ fún un. “Mo ti kọ ọ́ pé àǹtí ọmọ náà ni yín, pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Àdíját lorúkọ yín.”

“Àdíját kẹ̀? Kí ló ṣe Mùtíátù?”

“Mùtíátù ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ. Òkú nìyẹn. Ẹ ò lè jẹ́ òkú kí ẹ tún máa tẹ̀ka.”

Ó rẹ́rìn-ín, Mùtíátù náà bá a rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ó ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Lọ́yà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọmọ náà léjìká mú.

“Gbọ́ mi dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá fi lè mọ̀ pé ìyá rẹ wà láàyè, wọ́n á lé ọ nílé ìwé. Ìyẹn gan-an kéré. Ìyá rẹ ló máa lọ sẹ́wọ̀n, nítorí òun ló tẹ̀ka sí irọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá rẹ lọ sẹ́wọ̀n?”

“Rárá, mà.”

“Tóò. Ẹnu rẹ ló kù.”

Lọ́jọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ háyà ní Ìdúmàgbò kún fọ́fọ́. Lọ́yà ti ní kí Mùtíátù wá bá àwọn ru páálí omi wọlé, kó lè fìyẹn rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Mùtíátù rù ú tán, ó dúró ti àwọn páálí lẹ́yìn èrò. Àwọn ọmọ mẹ́wàá jókòó sórí àga funfun níwájú. Alhaji Rájí, ààrẹ ẹgbẹ́, sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan lórí àánú, lẹ́yìn náà ló pe Àlùfáà Salahudeen kó wá fi àdúrà kádìí ètò.

Kò sẹ́ni tó ta àlùfáà lólobó. Baba arúgbó ni, àánú àwọn ọmọ náà sì ṣe é tọkàntọkàn. Ó ní òun ò ní gbàdúrà fún alààyè nìkan, àwọn òbí tó fi irú ọmọ báyìí sáyé lọ náà ń fẹ́ àforíjìn. Lójú tirẹ̀, a kì í bẹ Ọlọ́run fún òkú láìdárúkọ ẹni náà. Ó bá mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ kan bọ́ sọ́dọ̀ ìkejì, ó ń béèrè orúkọ òkú wọn. Lọ́yà sọ̀rọ̀ sí Alhaji létí, Alhaji mi orí. Ta ló fẹ́ dá àlùfáà lẹ́kun lẹ́nu àdúrà ní Ìsàlẹ̀ Èkó?

Ó kan ọmọ kẹwàá.

“Kí lorúkọ bàbá rẹ, ọmọ mi?”

“Jíbrílù, sà.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

Ojú Taslimah ti orí àwọn èrò kọjá, ó wá ibi tí àwọn páálí omi wà. Lọ́yà kò kọ́ ọ ní ìdáhùn sí èyí.

“Mùtíátù,” ó ní.

“Mùtíátù ọmọ ta ni?”

“Ọmọ Hàlímọ̀.”

Àlùfáà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní kí Ọlọ́run forí jin Mùtíátù ọmọ Hàlímọ̀, kó mú sàréè rẹ̀ fẹ̀, kó má fi ìyà sàréè jẹ ẹ́, kó má jẹ̀ẹ́ kí ojú rẹ̀ padà sí ilé ayé mọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn pé àmín. Mùtíátù fọwọ́ ti páálí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ kí àdúrà kọjá láìṣàmín. Yàtọ̀ síyẹn, obìnrin tó dúró tì í ti ń wò ó pé kí ló dé tí kò dáhùn.

“Àmín,” ó ní.

Ìgbà náà ni Taslimah bú sẹ́kún. Àwọn oníkámẹ́rà sáré bò ó, wọ́n ń ti ara wọn. Fọ́tò yẹn ni Lọ́yà fẹ́ràn jù nínú gbogbo tọjọ́ náà, òun náà sì ni ẹgbẹ́ gbé sórí ìkànnì wọn. Nígbà tí Mùtíátù délé, tó kírun Àsárì tán, ó jókòó pẹ́ lórí ẹní. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀wọ́, kó má tẹ́wọ́ gba àmín òun.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí Taslimah wọ ilé ìwé náà, ìyá àgbà ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yòókù bá Mùtíátù ní Òkè Àrin. Ó ní òun lọ wo ọmọ-ọmọ òun, òun sì rí Taslimah ní yàrá àwọn aláìsàn. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, kò sì jẹun. Ẹrù oníbàárà wà lórí Mùtíátù nígbà náà. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ra ìgò àgbo ibà kan, ó wọkọ̀.

Tíṣà Khairiyyah ló bá lọ́fíìsì ilé ìwé. Òun ló ń mójú tó àwọn ọmọbìnrin nínú ọgbà. Èèyàn dáadáa ni, ká má purọ́. Òun ló ń sùn ti Taslimah láti ìgbà tí ibà náà ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ wá wò?”

Ká ní Mùtíátù sọ pé Àdíját lòun, pé àǹtí ọmọ náà lòun, wọn ì bá mú un wọlé kíá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kẹjọ nìyí, ara ọmọ rẹ̀ kò yá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa jẹ́ òkú.

“Èmi ni ìyá Taslimah Jíbrílù,” ó ní. “Mùtíátù lorúkọ mi.”

Tíṣà ṣí fáìlì ọmọ náà. Ó kà á, ó tún un kà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Fọ́tò ẹkún wà níbẹ̀, orúkọ òkú wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù tó kọjá lẹnì kan fi irọ́ gbé ọmọ lọ nílé ìwé kan nítòsí, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo olùkọ́. Èyí tiẹ̀ mọ orúkọ òkú. Ó ṣẹ́jú sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé kó wọlé, ó sì pe Lọ́yà lórí fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Lọ́yà, ẹ kú ọ̀sán, mà. Obìnrin kan wà níwájú mi tó lóun ni ìyá Taslimah. Ó ní Mùtíátù lòun ń jẹ́.”

Àtẹ́wọ́ ń dún níbi tí Lọ́yà wà, ó jọ pé ayẹyẹ kan ni wọ́n ń ṣe.

“Lọ́yà, èmi ni o,” Mùtíátù sún mọ́ fóònù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ ní àǹtí rẹ̀ ni mí, ó ti tó.”

“Ìyá ọmọ yẹn ti kú,” Lọ́yà wí. “Àlùfáà ṣàdúrà fún un lójú gbogbo wa. Mi ò mọ ohùn yẹn rí. Ẹ tètè fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kó tó sá lọ.”

Fóònù já. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Àwọn àgbà ò tíì rí irọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ṣọ́ ti tú àpò Mùtíátù. Ó gbé ìgò àgbo sókè. “Ẹ wo ohun tó fẹ́ fún ọmọ mu kó lè gbé e lọ,” ó ní, ó sì gbá Mùtíátù létí. Ìborùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń kóra jọ síta, wọ́n ń pariwo gbọ́mọgbọ́mọ.

Tíṣà Khairiyyah kò fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó lọ mú ọmọ náà wá fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ tó nípọn wé e.

“Taslimah, wò ó dáadáa. Ó ní òun ni ìyá rẹ. Ṣé òun ni?”

“Ọmọ mi, sọ fún wọn,” Mùtíátù ní. “Sọ ọ́, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀.”

Taslimah wo ẹ̀ṣọ́ tó di ìyá rẹ̀ níwájú aṣọ mú. Ó wo fáìlì lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa gbé ìyá rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ó mọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní jẹ́ kó jáde lẹ́nu òun.

“Rárá, mà,” ó ní. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. “Mi ò mọ̀ wọ́n rí.”

Ó yé Mùtíátù. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i bó ṣe ń tiraka láti dáàbò bò ó, ó sì pa ẹnu dé. Bóun bá tún jiyàn, wọ́n á lé ọmọ náà sílé. Láti ìgbà náà, títí tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi dé tí wọ́n tì í sẹ́yìn rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun mọ́.

Taslimah dúró lójú fèrèsé. Ọkọ̀ náà gba géètì jáde.

“Ṣé wọ́n máa fi wọ́n sílẹ̀, mà?” ó béèrè.

Tíṣà Khairiyyah fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lórí.

“Má bẹ̀rù, ọmọ mi,” ó ní. “Wọn ò ní fi í sílẹ̀.”