Ewúrẹ́ Ìyá Mi Kò Sí Nínú Ìwé

…bó bá wá jẹ́ èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè ńkọ́? Èmi náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ìgbà wo ni Músíè Lambert kì í kọ́kọ́ pè mí ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì? "Victoire, dìde, kà á fún wọn." Màá dìde, màá kà á láti òkè délẹ̀ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́la, wọ́n ní kò sí ìwé. Kí kálukú sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀… Ilé wa! Ta ló kọ ilé wa sínú ìwé tí màá fi há a sórí?

Mo ń pa ẹ̀pà. Ìyá mi ń pa tiwọn. Wọ́n rò pé ẹ̀pà ni mo gbájú mọ́.

Bí mo ṣe há Látìnì ti Máàsì sórí ni mo ṣe há Gẹ̀ẹ́sì. Láti kékeré ni mo ti ń dá fádà lóhùn ní Arigbo, níbi ihò Màríà, ohùn mi á lọ sókè lálá, mi ò sì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan. Ọlọ́run ṣáà gbọ́ ọ. Mo wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì á ṣe rí… Bàbá sì ti ròyìn mi dé Kpingni! "Ọmọ tèmi? Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń mu omi." Yé, Bàbá, ẹ rọra.

Sàfúrátù, ọmọ aláṣọ tá a jọ ń jókòó, òun náà há kéwú sórí. Ṣùgbọ́n kì í há Gẹ̀ẹ́sì. Bí awakọ̀ láti Nàìjíríà bá ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ — ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Faransé kan, á fọwọ́ júwe ìyókù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rín in. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tí kò gbọ́ èdè wa bi mí pé kí ni ìyá mi ń ṣe. Mo wá inú ẹ̀kọ́ títí, ìyá mi ò sí níbẹ̀. Mo ní mi ò gbọ́ ohun tó wí.

Irọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ni mo ń sá fún… ẹ̀rín lásán?

Hẹ̀n-ẹ́n. Wo ewúrẹ́ yẹn lórí àpáta. Ìró tí ìyá mi sá síbẹ̀ ló ń fà yẹn. Ó ń jẹ ẹ́! Ewúrẹ́… ewúrẹ́ ń jẹ aṣọ ìyá mi…

Mo ti wí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ò dúró sí àyè rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín pa mí, mi ò sì kú. Ìyá mi ń wò mí, wọn ò tíì wo òkè àpáta.

Kò sí nínú ìwé kankan. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ó yẹ kí n dìde lé ewúrẹ́ yìí o. Màá lé e… ẹ jẹ́ kí n tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i ná.