Òpin Mẹ́ta fún Ìwé Kan

Lọ́dún 1986, òjò kan wà tó máa ń rọ̀ lọ́sàn-án Sátidé nílùú Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò winniwinni ni, kì í le, kì í sì í dá bọ̀rọ̀. Bó bá ti ń rọ̀ báyìí, gbogbo ìlú á rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, tí kò tíì mọ ọjọ́ tí a wà. Inú òjò yẹn la ti máa ń jókòó sọ̀rọ̀ ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi.

Oògùn òyìnbó ni mò ń tà. Mojí lorúkọ mi, ẹnu mi sì mú. Ẹni tó bá wá ra oògùn ibà lọ́wọ́ mi láì tíì jẹun, á kọ́kọ́ gba ìbáwí tiẹ̀ kó tó gba oògùn.

A ò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Àlàájì Wàhábì ń ta aṣọ lọ́jà. Harold jẹ́ akọ̀wé ní kóòtù, òun ló sì máa ń bá wa ra ìwé láti Èkó. Tíṣà Rachel ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ká máa bá èèyàn wí. Mọ́ṣádé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Odogbolu, ló kéré jù láàárín wa, gbogbo wa sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò.

Ẹyọ ìwé kan là ń kà, láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà Rachel fi ṣòfin pé ẹni tó bá ti kà á tán kò gbọdọ̀ sọ òpin rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kà á. Ẹni tó bá rú òfin náà á ra mínírà fún gbogbo wa. Láti ìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó rú u rí. Àlàájì pàápàá, tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, á fi ọwọ́ bo ẹnu, á máa mi orí bí ẹni tí eyín ń dùn.

Lọ́dún yẹn, Harold gbé ìwé amí kan dé, ó nípọn bíi búrẹ́dì. Àwọn apániláyà já ọkọ̀ òfurufú gbà, wọ́n jí ẹnjiníà kan gbé nínú rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé ńlá kan. Ìjọba wá rán amí pé kó lọ wá a. Kẹ́ni tó ń gbọ́ mi má baà máa ṣe kàyéfì, òpin rẹ̀ rèé: amí náà mú olórí àwọn apániláyà, àmọ́ nígbà tó fi máa já ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn, ẹnjiníà ti kú.

Harold ò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà nígbà tó rà á. Ká ní ó mọ̀ ni, kò bá má gbé e wá, torí ẹnjiníà ni Bọ́dúnrìn, ọkọ Mọ́ṣádé. Ó lọ ṣiṣẹ́ iná mànàmáná nílùú òkèèrè kan tógun ti ń jà, nítorí pé owó wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn oníbọn dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n kó òun àti òyìnbó kan lọ. Òyìnbó yẹn ti padà sílé tipẹ́. A ò gbúròó Bọ́dúnrìn.

Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní Ayépé kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sáré lọ sọ́dọ̀ ìjọba títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n Bọ́dúnrìn tó ń jẹ́ Adébóyè wá bá Mọ́ṣádé jẹ́jẹ́ pé màmá àwọn ń darúgbó lọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún ọmọ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ojú òun tó dí. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ò bá fọwọ́ sí i, àwọn ò ní ṣe é. Bí Mọ́ṣádé bá ní kí wọ́n ṣe é, ó ti di opó nìyẹn. Bó bá ní kí wọ́n má ṣe é, a jẹ́ pé màmá ò ní rí ọjọ́ tó máa sunkún ọmọ rẹ̀ tán. Wọ́n fún un di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù keje.

Báyìí ni ìwé ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tá a sì ń sọ èrò wa. Àlàájì ní ìwé náà dùn, àmọ́ gbogbo ògiri tí amí yẹn fò, ṣòkòtò rẹ̀ ò ya.

“Irú aṣọ wo nìyẹn?” ló bi wá. “Wọlai, ẹ bá mi wá a, màá tà á.”

Harold ní amí náà ń já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn láì gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kankan. Tíṣà Rachel fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí amí bá wọlé, obìnrin kan á máa wẹ̀. Ní tèmi, oògùn oorun tí wọ́n fún ẹnjiníà ló bí mi nínú. Ọkùnrin náà ti sùn kó tó gbé e mì! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta oògùn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. A rẹ́rìn-ín títí, òjò ń rọ̀ lórí páànù, fíríìjì ń kùn nínú ṣọ́ọ̀bù, Mọ́ṣádé sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fetí sílẹ̀.

Nígbà tí ìwé máa kàn án, ara wa ò balẹ̀ mọ́. Harold ní ká sọ pé ó ti sọnù. Mo ní irọ́ rádaràda wo nìyẹn, ìwé tó wà lórí tábìlì! Ibi tá a ti ń fà á ni Mọ́ṣádé ti na ọwọ́ mú un.

“Ṣé ẹ rò pé màá fọ́ ni?” ló wí, ó sì fi í sínú báàgì.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń lá àlá. Ó sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì. Ó ní òun á rí ilé inú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ á jẹ́ fèrèsé ilé wọn ní Ayépé, òórùn gààrí tí wọ́n ń yan á sì máa wọlé. Òun á máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn náà ò sì ní tán. Nísàlẹ̀ pátápátá, òun á gbọ́ tí Bọ́dúnrìn ń húkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ikọ́ kékeré tó máa ń hú kó tó sọ̀rọ̀. Bí òun bá ti fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, òun á jí, òun á sì bá ọwọ́ òun lára kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀.

“Àǹtí Mojí, nígbà míì, mi ò mọ èyí tí mo kà àtèyí tí mo lá,” ló wí.

Kí n má parọ́, àlá náà ràn mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àtẹ̀gùn yẹn bí mo bá tòògbé lẹ́yìn káńtà, oníbàárà á sì ní láti fi owó kan káńtà kí n tó lajú.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Sunday yẹn pé, Mọ́ṣádé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ rẹ̀ ti tutù. Ó dúró síwájú mi, ìwé wà láyà rẹ̀.

“Mo ti dé ibi tí àwọn ìjọba ti wá sọ fún ìyàwó ẹnjiníà pé kó má retí ọkọ rẹ̀ mọ́,” ó wí. “Mi ò lè ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Àǹtí Mojí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó padà wálé?”

Mo fi ọwọ́ nu omi òjò kúrò níwájú orí rẹ̀.

“Má bínú, ọmọ dáadáa,” ni mo wí. “O mọ òfin wa. Máa rọra kà á, ṣé o gbọ́? Jókòó, jẹ́ kí n po tíì fún ẹ.”

Kò mu tíì náà. Ó wò mí lójú títí, ó dúpẹ́, ó sì padà sínú òjò.

Lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀la ni Ayépé ń retí èsì. Mọ́ṣádé ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, bébà tó fi ṣàmì sí i sì wà níbi tó kà á dé.

“Mi ò kà á tán,” ló wí nígbà tá a jókòó tán. “Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ èrò mi nípa òpin rẹ̀.”

“Báwo lo ṣe máa sọ èrò nípa òpin tí o ò kà?” Tíṣà Rachel ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, Mà.”

Ojú Tíṣà Rachel yí padà. Mọ́ṣádé bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, bí ẹni tó ṣì ń lá àlá.

“Àlàájì ní ẹnjiníà náà jáde lójú fèrèsé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, ìyàwó rẹ̀ sì lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté. Bọ̀dá Harold ní wọ́n rí i ní ọsibítù kan, ó ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, orin ni nọ́ọ̀sì kan kọ tó fi rántí. Tíṣà sì ní ìyá tó ń dáná fún àwọn ajínigbé ló ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀ kùtù, tó fún un ní bàtà.”

“Harold!” Tíṣà Rachel pariwo. “O sọ òpin fún un?”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Mà? Ta ló ni òfin?”

“Mo bi Àlàájì lẹ́yìn tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán,” Mọ́ṣádé wí, “wọ́n ò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀ tí wọ́n fi dáhùn.”

Àlàájì ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní òpùrọ́ ni gbogbo yín, èmi Mojí nìkan ni mo pa òfin mọ́ nínú ilé yìí.

“Òótọ́ ni, Àǹtí Mojí,” Mọ́ṣádé wí. “Ẹ ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò pè mí ní ọmọ dáadáa rí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn péré lẹ bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

“Òpin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùn,” ó wí. “Mo sùn lé wọn lórí, mo sì gbádùn wọn. Èrò mi rèé. Ká ní ẹ gbà gbọ́ pé Bọ́dúnrìn ń bọ̀ ni, òpin tó wà nínú ìwé lẹ ò bá sọ fún mi, tàbí kẹ́ ẹ ní kí n lọ kà á fúnra mi, kẹ́ ẹ sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ìwé lásán ni ì bá jẹ́ lójú yín. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú yín tó lè sọ ọ́. Gbogbo yín lẹ ti mọ̀ pé kò ní bọ̀. Èmi nìkan ló kù kí n mọ̀.”

Harold ń sunkún, kò sì fi pa mọ́. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo bínú sí òjò tó ń rọ̀, mo bínú sí òyìnbó tó kọ ìwé yẹn, mo bínú sí Bọ́dúnrìn pàápàá tó lọ wá owó síbi tí ọta ìbọn wà.

Mọ́ṣádé ò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

“Màá ní kí wọ́n ṣe ìsìn náà,” ló wí. “Ṣùgbọ́n mi ò lè dá nìkan wọlé tọ màmá lọ́la kí n sọ ọ́. Ta ló máa bá mi dé Ayépé?”

Àlàájì ti dìde, ó ń wá agboòrùn rẹ̀ kiri bí ẹni pé ìsinsìnyí la ń lọ. Mo mú ọwọ́ Mọ́ṣádé, ó tutù nini, mo sì dì í mú títí ilẹ̀ fi ṣú.