Ife Wàrà Ìyàwó Káfíńtà

Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún Màmá Nọ́ọ̀sì, oúnjẹ kò tíì kan ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń gbé e wá o, òun ló fi àáké kọ́rí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe olórí wọ́ọ̀dù kó tó fẹ̀yìn tì, òfin rẹ̀ kì í sì í yẹ̀: aláìsàn tí kò bá tíì só lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ jẹun.

Ayé ọjọ́un dùn. Láràárọ̀ ni yóò máa ti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, tí yóò máa bi àwọn bàbá onírùngbọ̀n bóyá afẹ́fẹ́ ti jáde. Bí ẹnì kan bá só, gbogbo wọ́ọ̀dù á pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kí i bí ẹni bímọ tuntun. Àárò ẹ̀rín yẹn ń sọ ọ́.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọmọ tó lè bí, jókòó tì í.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Àwọn kòkòrò rere tó ń bá wa ṣọ́ inú ìfun, oògùn ti pa púpọ̀ nínú wọn, ebi sì ń pa ìyókù. Bí wọ́n bá tán, àwọn burúkú á gbalé. Ojú ọgbẹ́ inú lè tú, a ó sì tún la inú yín lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kòkòrò tí mo fi ọgbọ̀n ọdún fọ̀ dànù lo ní kí n máa bọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ lé wọn lọ, Mà. Àwa là ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá."

Ó gbé ife wàrà kíkan kan, tí kòkòrò rere kún inú rẹ̀, sórí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òórùn wàrà yẹn ló mú Màmá rántí káfíńtà kan. Ìfun ni wọ́n ṣe fún òun náà, nígbà tí irun Màmá ṣì dúdú. Ìyàwó rẹ̀ gbé wàrà kíkan pamọ́ sábẹ́ ìborùn wá fún un. Ọkùnrin náà kò tíì só, ni Màmá bá já a gbà, ó dà á sínú síǹkì lójú obìnrin náà. Kò bú Màmá. Ó kàn ní, "Nọ́ọ̀sì, òun ló máa ń bá inú ẹ̀ mu." Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọgbẹ́ inú tú, káfíńtà kú.

Bóyá wàrà ì bá gbà á là, bóyá kò ní lè gbà á, ta ló mọ̀? Ṣùgbọ́n àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ó sì dun Màmá wọnú eegun.

Ó gbé ife náà.

"Ìyàwó káfíńtà," ló wí, "má bínú sí mi." Ó mu ún tán pátá.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, afẹ́fẹ́ jáde, ó sì dún ketekete. Kò sẹ́ni tó yíjú wò ó, àwọn nọ́ọ̀sì òde òní ò mọ àṣà ìpàtẹ́wọ́ ọjọ́un. Màmá rọra pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Lẹ́yìn náà ló tún pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, fún káfíńtà tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún rí.