Ọ̀rọ̀ Orí Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe méje," Kàsìmáwò wí. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ẹrẹ̀ fi há wọn mọ́ àárín Kàńdí àti Bánikóárá, ọkọ̀ méjì, òwú kún orí méjèèjì. Ọjọ́ kẹta ni iṣu tán. Ọjọ́ karùn-ún ni obìnrin Fúlàní kan gbé wàrà kọjá, tí Hùsèínì bọ́ bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ fi gba wàrà.

"Bàtà náà kì í ṣe tuntun," Hùsèínì dáhùn. "Ó ti lu nídìí."

"Gáyà lo ti rà á ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. O jẹ wàrà tán, o wá ń sunkún bàtà."

Sàífùlláhì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Sàífùlláhì yìí ni wọ́n ti ń pè ní Fìtẹ́ẹ̀sì láti ìgbà èwe, èyí tí í ṣe eré sísá lẹ́nu Faransé, tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí kì í yà á sílẹ̀ lójú títì. Hùsèínì, tí inú bí nítorí ọ̀rọ̀ bàtà, kọjú sí i, ó ní kí ó má rẹ́rìn-ín, pé àgùntàn kan ti yà á sílẹ̀ rí ní Ṣáúrú, ó sì dúró dè é níwájú.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu gáráàjì àtijọ́ ní àdúgbò Bàníkánní, ní Parakou. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún Àlájì tí ó ni gáráàjì náà, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àlájì ti kú. Ojú àwọn náà kò ríran dáadáa mọ́, orúnkún ń dùn wọ́n. Ohun tí ó kù fún wọn ni ìrántí, ìyẹn kò sì dín. Wọ́n mọ gbogbo kòtò láti Kòtònú dé Màlánfíìlì bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀. Kàsìmáwò ló mọ̀ jù. Ó lè ka nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tí ó wà rí, ó mọ ọjọ́ tí táyà bẹ́ àti ẹni tí ó bá a gbé e. Bí àríyànjiyàn bá dé, òun ni wọ́n ń bi. Ohun tí ó bá sọ ni abẹ gé.

Orí ọ̀rọ̀ àgùntàn yìí ni wọ́n wà nígbà tí Mọ́nsúrátù, opó Mìkáílù tí òun náà wakọ̀ fún Àlájì rí, jáde láti ẹ̀yìn gáráàjì. Yàrá méjì ni ó ń gbé níbẹ̀. Àwọn àpò ọkà tí ó ti ya ni ó máa ń rán fún àwọn olóúnjẹ ní ọjà Arzèkè. Abẹ́rẹ́ ńlá tí ó fi ń rán wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn, kò sì dìde.

Ó ní Àbdùlhàfíìsì, ọmọ Àlájì, ti fẹ́ ta gbogbo ilẹ̀ náà fún ẹni tí yóò kọ́ ilé epo. Ó ti ní kí òun kó jáde kí oṣù tó parí. Òun ti sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló fún òun ní yàrá náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ti dé iwájú olórí àdúgbò. Olórí àdúgbò ní kí òun mú ẹlẹ́rìí wá ní Ọjọ́rú.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ wà níbẹ̀," ó wí. "Mi ò ní ẹlòmíràn."

Òótọ́ ni. Ní gáráàjì Àlájì, kò sí ẹni tí ń kọ nǹkan sílẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, Àlájì fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Orí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àdéhùn. Àlájì a di orí kan mú, awakọ̀ a di ìdí rẹ̀ mú, àwọn awakọ̀ mìíràn a dúró yí wọn ká. Ohun tí wọ́n bá sọ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ti dúró. Awakọ̀ tí ó bá sẹ́ ọ̀rọ̀ orí kọ́kọ́rọ́ kì í rí ọkọ̀ wà mọ́ ní Parakou. Ọ̀kan sẹ́ ẹ rí. Ẹrù ni ó padà ń gbé ní ọjà.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Mìkáílù kú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Dàsá. Bíréèkì ni kò mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti sọ fún Àlájì pé bíréèkì náà kò dára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àlájì ní kí ó ṣáà kó ẹrù yìí dé Kòtònú ná. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àlájì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ó pa ọkùnrin náà wá, ó na orí rẹ̀ sí opó. Ó ní yàrá méjì ẹ̀yìn gáráàjì di tirẹ̀ títí ayé, pé ẹnikẹ́ni nínú ilé òun kò gbọdọ̀ lé e. Àánú ń ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà á kí obìnrin náà má lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ àwọn sójà ojú títì. Obìnrin náà kò lọ. Kàsìmáwò, Sàífùlláhì àti Hùsèínì dúró yí wọn ká.

"A ó wá," Kàsìmáwò sọ fún un. Kò tilẹ̀ wo ojú àwọn méjì yòókù kí ó tó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àbdùlhàfíìsì wá. Ó bọ́ bàtà sí etí ẹní, ó sì jókòó ti àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa. Ó mú ṣúgà àti tíì wá, ó mú oògùn ojú fún Hùsèínì, irú èyí tí ó ti ń rà fún un láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní bí òun bá ta ilẹ̀ tán, òun yóò kọ́ ìbòòji olórùlé fún wọn níwájú ilé òun, kí òjò má pa wọ́n. Kò dárúkọ Mọ́nsúrátù. Ìgbà tí ó dìde ni ó yí sí Kàsìmáwò.

"Bàbá, Kabir ń wakọ̀ dáadáa o. Òun ni mo fẹ́ fún ní ọkọ̀ akẹ́rù títáànì tuntun tí ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan dà á rú."

Kabir ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Kàsìmáwò bí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, ọdún méjì ni ó sì fi jókòó sílé láìríṣẹ́ kí Àbdùlhàfíìsì tó gbà á síṣẹ́. Kàsìmáwò dúpẹ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ó ti ń dúpẹ́, ó sì gbọ́ pé ó ti pọ̀ jù.

Nígbà tí ọmọ Àlájì lọ, kò sí ẹni tí ó po tíì náà. Hùsèínì ní ọmọ náà ń tọ́jú àwọn, pé kí á má purọ́. Kàsìmáwò ní àwọn ti sọ fún obìnrin náà pé àwọn yóò wá.

"A ó kúkú lọ," Sàífùlláhì wí. "Lílọ lọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ lọ̀tọ̀."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bá a jà.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí àdúgbò, lórí àga ike. Mọ́nsúrátù wọ aṣọ tí ó dára jù nínú aṣọ rẹ̀. Ó tú ìdí ìró, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tí Àlájì jọ̀wọ́ fún un lọ́jọ́ náà, tí ó ti dípẹtà, ó gbé e sórí tábìlì. Àbdùlhàfíìsì wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni a fi ń gba ilé, àwọn tí ń ta irin àlòkù ní Arzèkè ni ìbá ni gbogbo Parakou. Olórí àdúgbò náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi Mọ́nsúrátù bóyá ó ní ìwé. Ó ní òun kò ní ìwé, òun ní ènìyàn.

Sàífùlláhì ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ó ní àgbà ti dé, pé ọ̀rọ̀ àná gan-an kì í dúró lórí òun mọ́. Hùsèínì ní òun wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí bútà ni òun wà, òun ń ṣe àlùwàlá, òun rí ènìyàn, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ojú ilẹ̀ ni ó ń wò bí ó ti ń sọ ọ́.

"Bàbá Kabir, ẹ̀yin ńkọ́?" olórí àdúgbò bi í. "Gbogbo ayé ní ẹ̀yin lẹ máa ń rántí nǹkan."

Kàsìmáwò rántí. Ó rántí pé ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, pé ètè gbogbo ènìyàn ló ti là. Ó rántí pé Àlájì ní kí Mọ́nsúrátù di kọ́kọ́rọ́ náà mú dáadáa. Ó rántí pé òun fúnra òun ni òun sọ pé "A gbọ́" lórúkọ gbogbo àwọn awakọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ, kí Àlájì tó jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó rántí ohùn tí òun fi sọ ọ́.

"Ó ti pẹ́," ó wí. "Mi ò rántí."

Mọ́nsúrátù kò sunkún. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọ̀nà tí ó rò pé òun mọ̀.

"Bàbá Kabir, ṣé ẹ rántí orúkọ ọkọ mi?"

Olórí àdúgbò wúkọ́, ó ní kí á má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó fún obìnrin náà di ọjọ́ Ẹtì láti kó jáde. Mọ́nsúrátù nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó dá a padà sí ìdí ìró, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ọmọ wọn. Ìyẹn ló burú jù.

Lójú ọ̀nà ilé, Hùsèínì ní àwọn kò purọ́ ṣá. Ẹni tí ó ní òun kò rántí kò purọ́, ó kàn ní òun kò rántí ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kàsìmáwò ní kí ó dákẹ́, kí ó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí alùpùpù akérò sẹ́mìjáànì má gbá a.

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé ní àdúgbò Àlùbáríkà. Nùsírátù, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ́ kí ó jẹun tán. Ó jẹ́ kí ó ṣan ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí ìdáná níwájú rẹ̀.

Ó bi í pé ta ló fún un ní ilẹ̀ tí àwọn ń gbé yìí. Kàsìmáwò ní ó mọ̀ kí ó tó béèrè, Àlájì ni, fún iṣẹ́ ogún ọdún. Ó bi í níbi tí ìwé rẹ̀ wà.

"Kò sí ìwé. Orí kọ́kọ́rọ́ ni."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Kàsìmáwò kà wọ́n lórí ìka. "Sàífùlláhì. Hùsèínì. Mìkáílù."

Nùsírátù mi orí. Ó kó àwo, ó lọ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí Kàsìmáwò ti mọ́sálásí dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ọmọlanke kan lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí aṣọ Nùsírátù wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀ mẹ́rin, ẹní rẹ̀ àti ọ̀pọ́n tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó. Ẹni tí ó ni ọmọlanke ti lọ ra búrẹ́dì. Nùsírátù dúró tì í, ó ti dé ìborùn.

Kàsìmáwò bi í bóyá ó ń kọ òun ni, ní ọjọ́ orí yìí.

"Mi ò kọ̀ yín, Bàbá Kabir. Ilé bàbá mi ni mò ń kó ẹrù lọ, lẹ́yìn Arzèkè. Bí ara yín kò bá yá, ẹ ránṣẹ́, màá wá tọ́jú yín. Màá wá se oúnjẹ yín lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀." Ohùn rẹ̀ kò le, bí ẹni ń sọ iye iyọ̀ tí ó yẹ kí ó wà nínú ọbẹ̀ ni. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá kú, ẹkún yín ni mo fẹ́ sun. Mi ò fẹ́ máa ti inú ẹkún yẹn wá ẹlẹ́rìí ilé yìí kiri."

Kàsìmáwò wá orúkọ ènìyàn kan nínú ọkàn rẹ̀ tí yóò dúró fún obìnrin yìí lọ́jọ́ náà, tí kò ní ní òun kò rántí. Ó wá a títí tí ẹni tí ó ni ọmọlanke fi jẹ búrẹ́dì rẹ̀ dé.

Ẹrù náà kò dúró dáadáa. Ọkùnrin ọmọlanke kò mọ okùn so. Kàsìmáwò sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tú okùn náà, ó gbé ìkòkò sísàlẹ̀, ó gbé àpótí sáàárín, ó na okùn kọjá ní àgbélébùú, ó sì fi orúnkún ti ẹrù náà, ó fà á le títí kò fi mì mọ́.